Bí Ọkọ̀ Bá Gbá Ẹni Tí Ó Gun Kẹ̀kẹ́: Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Gbà Á

Ẹ̀kọ́ wa ní ìdámẹ́rin ọdún yìí kì í ṣe ti oúnjẹ sísè tàbí ti ìtọ́jú ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ òfin ni. A mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ òfin ni, ojú ìwé tí ó kàn ni wọn yóò ṣí sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí i. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọmọ, ọkọ tàbí àbúrò tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí iléèwé, sí oko, tàbí sí ibi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a wí o, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a ó sọ kan ẹni tí ó gun ọ̀kadà àti ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ní etí títì pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Ìyá kan rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, lọ ra epo kẹrosíìnì. Ọmọ náà gun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀. Dánfó kan tí ń du èrò yà sí ẹ̀gbẹ́ títì lójijì, ó gbá ọmọ náà, egungun itan rẹ̀ sì dá. Àwọn ènìyàn sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀, ẹni tí ó ni ọkọ̀ àti àgbà méjì láti gáréèjì dé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n gbé ₦20,000 sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ti kọ láti ilé wá: “Ìyá wa, ẹ ṣáà bá wa fi ọwọ́ sí i.” Ìyá wò ó pé wọ́n bẹ̀bẹ̀, ó wò ó pé ọmọ kò kú, ó fi ọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹrin, egungun tí wọ́n tò kò jọ mọ́ra bí ó ti yẹ. Dókítà ní àfi kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n fi irin sí i. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ọkọ̀. Èsì tí ó fi ránṣẹ́ kò gùn: “Ìwé tí ẹ fi ọwọ́ sí dà?”

Àpẹẹrẹ ni a pè é, ṣùgbọ́n a kò rò pé ẹnìkan wà nínú wa tí yóò kà á tí kò ní rántí ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Kí ni ó wà nínú ìwé náà? Ohun tí ó máa ń wà níbẹ̀ ni pé ìyá náà ti gba gbogbo ohun tí ó tọ́ sí i, àti pé kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé. Bí lọ́yà ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ níwájú adájọ́, iṣẹ́ ńlá ni láti yí i padà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má gbàgbé èyí: kí dókítà tó sọ ibi tí ìwòsàn yóò parí sí, kò sí ẹni tí ó lè mọ iye tí ìjàǹbá náà jẹ́. A kò ní kí ẹ kọ owó ìtọ́jú tí wọ́n bá mú wá. Ẹ gbà á, ẹ kọ rìsíìtì fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé owó ìtọ́jú ni, kì í ṣe ìparí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ fi ọwọ́ sí ìwé tiwọn, ẹ ní ẹ ó kọ́kọ́ fi han lọ́yà. Ẹ ó rí i bí ojú wọn yóò ti yí padà.

Àwọn kan nínú wa yóò béèrè pé, ṣé ó yẹ kí Kristẹni pe ènìyàn lẹ́jọ́, nígbà tí a ní kí á máa dárí jini? Ìbéèrè rere ni, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ obìnrin jókòó sílé pẹ̀lú gbèsè ilé ìwòsàn lọ́rùn. Ìkìlọ̀ Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Kọ́ríńtì dá lórí àwọn ará ìjọ tí ń fa ara wọn lọ síwájú àwọn aláìgbàgbọ́. Nínú Ẹ́kísódù orí 21, ẹsẹ 18 àti 19, òfin Mósè ní kí ẹni tí ó ṣe ẹlòmíràn léṣe nínú ìjà san owó àkókò tí ẹni náà pàdánù, kí ó sì rí i pé ara rẹ̀ yá pátápátá. Owó àkókò àti owó ìwòsàn. Ohun méjèèjì yìí náà ni ilé-ẹjọ́ òde òní kọ́kọ́ ń béèrè. Ìdáríjì wà nínú ọkàn wa, a sì lè fi fún awakọ̀ náà ní ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ilé ìwòsàn tí ń gba ìdáríjì dípò owó.

Àwọn àgbà sì wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, awakọ̀ dánfó tí a kò rí rí kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa tẹ́lẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí kì í dé kóòtù rárá. Ìwé lọ́yà ló ń parí rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì ló sì yẹ kí ó san owó náà.

Ọ̀rọ̀ ìńṣọ́ránsì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Láti ọdún 1950 ni òfin ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà pé ẹnikẹ́ni tí yóò wa ọkọ̀ lójú títì gbọ́dọ̀ ní ìńṣọ́ránsì tí yóò san owó fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá pa tàbí tí ó bá ṣe léṣe. Òun ni a ń pè ní third party. Òfin ìńṣọ́ránsì tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2025 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni owó rẹ̀ lọ́dún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni. ₦5,000 ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nínú rẹ̀ ni a ti lè san owó ohun ìní tí ó bàjẹ́ títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà (₦3,000,000), kẹ̀kẹ́ tí ó wó sì wà lára ohun ìní. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé a fẹ́ gba owó oúnjẹ lẹ́nu awakọ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Torí irú ọjọ́ yìí gan-an ni ẹni tí ó ni ọkọ̀ ṣe san owó lọ́dọọdún, bí ó bá san án.

Bí ó bá san án, a tún un wí. Ìwé ayédèrú pọ̀ nígboro. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ìwé yìí wò lójú pópó láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025. Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì ní àkọsílẹ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń mọ̀ bóyá ìwé ọkọ̀ kan jẹ́ ojúlówó; nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọn yóò fi wá a. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ yẹ tiyín náà wò. Bí ayédèrú bá ni, tí ẹ sì gbá ọmọ ọlọ́mọ, àpò yín ni ẹ ó ti san án.

Nísinsìnyí, kí ni ó yẹ kí á ṣe ní ọjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀? Ẹ̀mí ni kí á kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ má ṣe gbé ẹni tí ó fara pa bí ẹrù, nítorí ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ pe 122, tí í ṣe nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety, tàbí kí ẹ pe 112. Bí ilé ìwòsàn bá ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, tàbí kí ẹ lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán wọn létí Òfin Ìlera ti ọdún 2014. Abala 20 òfin náà sọ pé ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ìdí kankan. Ẹni tí ó bá kọ̀ lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Owó ìtọ́jú kò di ọ̀fẹ́ nítorí èyí o. Ohun tí òfin wí ni pé kí wọ́n dá ẹ̀mí sí ná, kí á tó sọ ti owó.

Ẹnìkan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ dúró síbi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni nọ́ńbà ọkọ̀, nítorí láìsí nọ́ńbà, ta ni a ó mú? Bí fóònù bá wà, kí ó ya àwòrán ọkọ̀, kẹ̀kẹ́, ojú títì, àti àmì táyà bí ó bá hàn. Bí awakọ̀ bá sá lọ, kí ó bi àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ènìyàn a máa gbàgbé nọ́ńbà, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dánfó. Kí ó gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, pàápàá àwọn tí ń tajà níbẹ̀, nítorí wọn yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Èrò inú ọkọ̀ ti tú ká ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ẹ ó padà béèrè fún ìròyìn tí wọ́n kọ nípa ìjàǹbá náà, nítorí ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì kì í dá ẹni lóhùn láìsí i. Bí Road Safety bá dé ibẹ̀, ẹ béèrè fún tiwọn pẹ̀lú. Kẹ̀kẹ́ tí ó wó, ẹ má tún un ṣe, ẹ má sì tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin kiri. Ẹlẹ́rìí ni òun náà.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Wọ́n rò pé bí ọlọ́pàá bá ti gbé awakọ̀ lọ sí kóòtù, owó àwọn náà ń bọ̀ nìyẹn. Ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí ọlọ́pàá gbé lọ jẹ́ ti ìjọba pẹ̀lú awakọ̀, ìtanràn tí adájọ́ bá sì bù fún un, àpò ìjọba ni ó ń lọ. Owó gbà-máà-bínú jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí ó fara pa, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì béèrè rẹ̀. Bí ọmọdé bá ni, àgbàlagbà kan yóò dúró fún un. Kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni a lè pè. Bí awakọ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀, ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà yóò dáhùn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni ó rán an.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwé. Owó tí ẹ bá ní ẹ ná, adájọ́ yóò ní kí ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ìrora àti ìyà nìkan ni adájọ́ fúnra rẹ̀ ń díwọ̀n. Ẹ wá àpò ìwé kan, kí rìsíìtì oògùn, ti káàdì, ti àyẹ̀wò, ti igi ìtilẹ̀ àti ti ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn máa wọ inú rẹ̀. Awakọ̀ tí kò ní rìsíìtì lè kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan kí ó sì fi ọwọ́ sí i. Bí ẹni tí ó fara pa bá ń ṣiṣẹ́ oṣù, kí ibi iṣẹ́ kọ ìwé iye ọjọ́ tí kò wá àti iye tí wọ́n yọ. Oníṣòwò ńkọ́? Ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà sílẹ̀ àti àkọsílẹ̀ àjọ yín ni ẹ̀rí tiyín. Ìdí mìíràn nìyí tí kò fi dára kí á máa fi orí nìkan ṣírò ọjà.

Ibo ni a ó ti rí lọ́yà nígbà tí owó oògùn gan-an kò tó? Ìjọba àpapọ̀ ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti ọdún 1976, wọ́n ní ọ́fíìsì ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹjọ́ ìjàǹbá sì wà lára èyí tí wọ́n ń bá ènìyàn ṣe. Lábẹ́ òfin wọn ti ọdún 2011, ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. ₦70,000 ni wọ́n sọ owó náà di ní ọdún 2024. Ní Èkó, Office of the Public Defender wà láti ọdún 2000, Citizens’ Mediation Centre sì wà láti ọdún 1999 fún àwọn tí ó fẹ́ kí á pe ẹnìkejì sí ìjókòó kí á parí rẹ̀ láìdé kóòtù. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò tí a ń pè ní FIDA wà pẹ̀lú, wọ́n sì máa ń tọ́ obìnrin sọ́nà. Kóòtù kékeré tí Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ kò wúlò fún èyí. Gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ lọ́yà tí ẹ ó sanwó fún ni, kí iye náà, àti ìgbà tí yóò gbà á, wà nínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́yà yóò kọ̀wé sí ẹni tí ó ni ọkọ̀, yóò sì fi tó ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì létí. Wọn yóò pe iye kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ń ná ọjà kì í fi iye tí yóò san bẹ̀rẹ̀.

Wọn yóò tún wí pé kẹ̀kẹ́ kò ní iná, tàbí pé bíréèkì rẹ̀ kò mú, tàbí pé ọmọ náà kò wo ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ má purọ́. Ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jáde láti ara Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ẹ̀bi díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fara pa kì í pa ẹ̀tọ́ rẹ̀ rẹ́. Adájọ́ yóò pín ẹ̀bi náà ni. Bí ìpalára bá jẹ́ ₦1,000,000, tí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀bi sì wà lọ́rùn ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́, yóò gba ₦750,000.

Àkókò kì í dúró. Ní Èkó, ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tí ó fara pa láti pe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ó wa ọkọ̀ náà, oṣù mẹ́ta péré ni, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sì ti sọ ní ọdún 1998 pé ààbò yìí bo àjọ ìjọba pẹ̀lú. Oṣù mẹ́ta, nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì kúrò nínú símẹ́ńtì! A rò pé òfin náà le ju, ṣùgbọ́n òfin ni. Bí ọkọ̀ ìjọba bá ni, ẹ tọ lọ́yà lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀.

Bí ó bá sì já sí ikú, kí Olúwa má jẹ́ kí á rí i, ìyàwó, ọkọ, òbí àti ọmọ wà lára àwọn tí òfin gbà láàyè láti béèrè owó nítorí ẹni tí wọ́n gbójú lé. Adájọ́ ń pín in gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pàdánù; kì í ṣe ogún tí ẹbí yóò jókòó pín. Opó má ṣe jẹ́ kí ìwé ikú àti ìròyìn ọlọ́pàá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ẹ̀dà. Ẹni tí ó bá wí pé òun yóò bá a lọ ṣe gbogbo rẹ̀, kí wọ́n jọ lọ.

Ó ku ti àwọn ọkọ wa tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọlọ́dẹ òru, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àti ti oko ńlá. Òfin kan wà láti ọdún 2010 tí ń san owó fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa, àjọ NSITF ni ó ń bójú tó o, agbanisíṣẹ́ nìkan ni ó ń dá owó sí i. Òfin náà ka ọ̀nà láti ilé dé ibi iṣẹ́ mọ́ ibi iṣẹ́. Kò sí pé à ń wá ẹni tí ó jẹ̀bi, kódà bí awakọ̀ bá sá lọ tí a kò mọ̀ ọ́n. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tí ó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ tí wọ́n gbójú lé e, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa gbà lóṣooṣù. Láàrin ọjọ́ 14 ni kí ẹ fi tó agbanisíṣẹ́ létí, òun náà sì ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ náà létí; ìbéèrè fún owó kò gbọdọ̀ kọjá ọdún kan. Ohun kan ni òfin béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ṣáájú: pé kí agbanisíṣẹ́ ti mọ ilé tí ó ń gbé. Bí ẹ bá ti kó kúrò nílé àtijọ́, ẹ bi bàbá àwọn ọmọ lálẹ́ òní bóyá àdírẹ́sì tuntun ti wà nínú ìwé ibi iṣẹ́ rẹ̀.